Ẹyin ẹja Àkúrẹ́ ń bọ̀ láti London, báwo ni kí n ṣe táńkì oníkoríko fún un?

Ọmọ Olúyọ̀lé: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ẹlẹ́ja. Àbúrò mi ń bọ̀ láti London lóṣù tó ń bọ̀, ó sì ti bá mi ra ẹyin killifish, irú ẹja kékeré kan, Fundulopanchax gardneri, ìran Àkúrẹ́. Inú peat tútù, ìyẹn ewéko jíjẹrà tó dà bí ilẹ̀, ni wọ́n di í sí. Mo ti ṣe táńkì gíláàsì: 60 sẹ̀ǹtímítà ní gígùn, 30 ní ìbú, 30 ní gíga. Koríko ni mo fẹ́ kó kún inú rẹ̀, n ò fẹ́ òkúta aláwọ̀ pupa àti ààfin oníke. Ìbàdàn ni mo wà, iná ò dúró lójú kan, omi kànga ni mo ní. Ṣé kí n ra hítà? Koríko wo ló dáa? Akọ mélòó ló lè gbé ibẹ̀?

Bàbá Ẹlẹ́ja: Ẹja Àkúrẹ́ gba London kó tó dé Ìbàdàn! Ayé yìí mà le o. Má ra hítà rárá. Omi digrí 22 sí 26 ló bá a lára mu, ooru ló yẹ kó o máa sá fún. Gbé táńkì jìnnà sí fèrèsé tí oòrùn ọ̀sán ń gbà wọlé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ omi á gbóná, á sì di àwọ̀ ewé mọ́ ọ lójú. Akọ kan, abo mẹ́ta, ó tó. Akọ a máa lé abo kiri títí ara rẹ̀ á fi bó. Koríko tó dí ló ń gba abo sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Yanrìn odò ni kó o lò, má bu ti etí òkun, ìkarahun inú rẹ̀ á sọ omi di líle. Fọ̀ ọ́ títí omi ìfọ̀ á fi mọ́ gaara. Ní ti koríko, wá Anubias àti Bolbitis, ilẹ̀ Áfíríkà tiwa níhìn-ín ni wọ́n ti ń hù. Má rì wọ́n mọ́ yanrìn o, wọ́n á rà. Òwú ni kó o fi so wọ́n mọ́ igi tàbí òkúta. Ojúoró ní í lékè omi lóòótọ́, ṣùgbọ́n máa ṣà á dànù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ lè kan àwọn tó wà nísàlẹ̀. Ju ewé igi fúrúùtù gbígbẹ méjì sí i. Omi á pọ́n bíi tíì, irú omi igbó tí ẹja náà mọ̀ nìyẹn.

Túndé Olómi: Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ̀rọ̀ fílítà. Ra oníkànrìnkàn, tí afẹ́fẹ́ ń gbé ṣiṣẹ́.

Bàbá Ẹlẹ́ja: Èmi ò lo fílítà, ẹja mi sì ń bímọ.

Túndé Olómi: Bàbá, ọwọ́ yín ti mọ́ ọn. Kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lò ó. Bí iná bá lọ fún wákàtí díẹ̀, ẹja mẹ́rin ò ní kú sínú omi tó tó 50 lítà. Ohun tó ń pa wọ́n ni fífò jáde. Dé e pinpin, títí kan ihò tí wáyà gbà wọlé.
Olúyọ̀lé, bẹ̀rẹ̀ táńkì lónìí. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń pa oró ìgbẹ́ ẹja máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí wọ́n tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Má sì da ẹyin sínú rẹ̀ tààrà. Da peat sínú abọ́ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, kí omi má jìn. Tí àsìkò rẹ̀ bá ti pé, wọ́n á pa láàárín ọjọ́ kan. Artemia, edé kékeré inú omi iyọ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ni kó o fún wọn. Tí wọ́n bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 2, kó wọn lọ sínú táńkì ńlá.

Ọmọ Olúyọ̀lé: Ẹ ṣé gan-an ni. Tí wọ́n bá dàgbà ńkọ́? Mo gbọ́ pé tanwíjí ni wọ́n fẹ́ràn jù, ìyàwó mi ò sì ní gbà kí n máa sin ẹ̀fọn.

Ìyá Ìbejì: Òótọ́ ló sọ. Gbé garawa omi síta kí ẹ̀fọn yé sí i, fi nẹ́ẹ̀tì bo garawa náà tí o bá ti rí tanwíjí nínú rẹ̀, kó o sì máa fi asẹ́ tíì gbọ̀n wọ́n láràárọ̀. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan péré ló ń gbà kí wọ́n tó hu ìyẹ́. Èyí tí ẹja ò bá jẹ tán, dà á sórí ilẹ̀ gbígbẹ.