Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ooru Abẹ́òkúta ń le sí i lóòótọ́?

Ẹ kú ooru o ẹ̀yin èèyàn mi. Abẹ́òkúta ni mo wà, tó bá ti di oṣù kejì sí ìkẹta báyìí, bíi pé Olúmọ gan-an fẹ́ máa làágùn ni. Próójẹ́ẹ̀tì mi ni pé ṣé àwọn ọjọ́ tó gbóná jù ń gbóná sí i, mi ò sọ ti average o, àwọn ọjọ́ tó burú gan-an ni.

Dátà ojoojúmọ́ ọdún 30 wà lọ́wọ́ mi, mo mú ọjọ́ tó gbóná jù nínú ọdún kọ̀ọ̀kan, mo fi GEV (ìlànà ìṣirò fún ohun tó ga jù lọ́dọọdún) sí i nínú R (ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà), àmọ́ nọ́ńbà 30 péré ló kù, confidence interval ẹ̀ (àlàfo tí ìdáhùn gidi ṣeé ṣe kó wà) wá fẹ̀ bí agbádá. Ṣé kí n kúkú lo peaks over threshold (kí n mú gbogbo ọjọ́ tó gbóná kọjá ìwọ̀n kan) ni? Tí ooru bá wá mú fún ọjọ́ mẹ́rin léraléra ńkọ́, ṣé ẹyọ kan ni kí n kà á sí?

Èyí tó wá ń dà mí láàmú jù: Mann-Kendall (ìdánwò tó ń wò bóyá nọ́ńbà ń lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ bí ọdún ṣe ń lọ) ní ó ń lọ sókè, ṣùgbọ́n tí mo yà á sórí gíráàfù, ẹ̀ẹ̀kan náà ló fò sókè láàárín ọdún kan. Bàbá tó ń ka tẹmọ́mítà níbi tí dátà náà ti wá ní ọdún yẹn ni wọ́n gbé àpótí ẹ̀ kúrò nídìí igi máńgòrò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọnkéré, wọn ò sì kọ ọ́ síbì kankan! Ṣé kí n gé dátà yẹn sí méjì ni, àbí kí n fi ti ìlú tó wà nítòsí tún un ṣe?