Àkọ́ṣàn kọ́ o: ẹ jẹ́ kó ṣan páànù ná

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí tí mi ò fọhùn. Ẹni tó dá a sílẹ̀ béèrè orúkọ tí a lè pe páìpù tí wọ́n ń gbé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì, èyí tó ń gba omi òjò tó kọ́kọ́ bọ́ láti orí páànù, kí eruku àti ìgbẹ́ ẹyẹ má baà bá a wọ inú omi tí à ń tọ́jú. Ọ̀gá wa láti Ọ̀yọ́ ní "àkọ́ṣàn" ni ká pè é. Arábìnrin kan ní "agbàkọ́rọ̀" dùn lẹ́nu jù. Gbogbo ilé ti ń pàtẹ́wọ́. Èmi ò lè pàtẹ́wọ́ ní tèmi.

Ohùn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú. Ṣàn ni ọ̀gá kọ, ohùn ìsàlẹ̀. Odò ní í ṣàn, ẹ̀jẹ̀ náà a máa ṣàn. Bí nǹkan ń ṣàn, a ò tíì mọ̀ bóyá ó mọ́ tàbí ó dọ̀tí. Ṣùgbọ́n ohun tí òjò ń fi páànù ṣe kì í ṣe ṣíṣàn. Ṣíṣan ni, ohùn àárín, bí a ṣe ń ṣan abọ́ tí a ti fi ọṣẹ fọ̀. (Kí ẹnikẹ́ni má sì lọ fi àmì òkè lé e lórí: ẹni tó ń ṣán oko ò bá wa gun òrùlé.) Nígbà tí ẹnìkan pe ọ̀gá sí àkíyèsí, èsì tí wọ́n fọ̀ ni pé àmì ohùn kan ò tó ohun tí à ń jà sí. Ẹni tó sọ fún wa pé ọgbọ̀n ọdún lòun fi kọ́ni ní Yorùbá ló ń sọ bẹ́ẹ̀! Mo ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà pé ojú mi ò tàn mí.

Nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, nítòsí Tákìe, igi máńgòrò kan nà bo ìdajì òrùlé. Bí òjò bá ti ṣú, àwa ọmọdé á ti ki garawa àti bàsíà mọ́lẹ̀, a á fẹ́ sáré gbé wọn sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Ìyá wa àgbà á na ọwọ́ dí wa lọ́nà: "Ẹ ní sùúrù. Ẹ jẹ́ kó ṣan páànù ná." Omi tó kọ́kọ́ ń bọ́ a máa pọ́n bí àgbo, ewé gbígbẹ àti ìgbẹ́ alángbá á máa bá a bọ̀. Wọ́n á gbọ́n díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á wò ó, wọ́n á dà á nù. Wọ́n á tún gbọ́n òmíràn. Ìgbà tí wọ́n bá rí ìlà ọwọ́ wọn kedere nísàlẹ̀ omi náà ni wọ́n á tó ní, "Ó yá."

Kò sí páìpù nígbà náà. Ọ̀rọ̀ tí à ń wá kiri ti wà lẹ́nu ìyá àgbà, ohùn àárín ni wọ́n sì fi ń pè é.

Ẹ jẹ́ kí n wá dórí "àkọ́" gan-an, torí òun ló bí mi nínú jù. Àkọ́bí, ọ̀kan ni. Àkọ́rọ̀ òjò, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni, ní nǹkan bí oṣù Ẹrẹ́nà. (Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní àkọ́so náà ń wá lọ́dọọdún. Òótọ́ ni. Ọdọọdún ni, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀.) Páìpù yìí kò sinmi lẹ́yìn àkọ́rọ̀. Bí oòrùn bá ti ràn fún ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún láàárín òjò, páànù ti tún dọ̀tí nìyẹn. Ẹyẹlé ò dúró de ọdún tuntun kó tó ṣu.

"Àkọ́" yìí ti ná mi lówó rí. Ìhà òrùlé mi tó ń da omi sí táǹkì jẹ́ mítà 10 lóòró, mítà 6 níbùú. Bí òjò tó bà lé e bá ga ní mìlímítà 1 péré, lítà 60 ni yóò bọ́. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí sábà máa ń ní ká da ìdajì mìlímítà nù, ó kéré tán, ká sì jù bẹ́ẹ̀ lọ níbi tí ìdọ̀tí bá ti pọ̀. Ìdajì lórí òrùlé tèmi, lítà 30 nìyẹn. Oníṣẹ́ tí mo pè fi páìpù íńṣì 4 tó gùn ní mítà 1 síbẹ̀. Nǹkan bí lítà 8 ni irú rẹ̀ ń gbà. Òjò kìíní lẹ́yìn ọyẹ́ dé, páìpù kún, bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ léfòó, ó dí ẹnu ọ̀nà bó ṣe yẹ kó dí i, gbogbo omi eruku ọyẹ́ tó kù sì wọ táǹkì lọ gẹ́rẹ́. Mo ké sí oníṣẹ́. Ó ní, "Bàbá, omi àkọ́kọ́ lẹ ní kí n gbà. Mo ti gbà á." Kí ni mo fẹ́ sọ? Mítà 4 ló wà níbẹ̀ báyìí, pẹ̀lú ihò tíńtín nísàlẹ̀ tó ń kán tó tó títí páìpù yóò fi gbẹ de òjò mìíràn. Omi mímu ṣì ń fẹ́ ká sè é o.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó kọ "àgbàrá òrùlé", ilẹ̀ ni àgbàrá ń gbà. Òun ni wọ́n ní kò ní òun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Tó bá ti gun òrùlé, ẹ sá o.

Tèmi: omi náà ni omi ìṣanrùlé, páìpù náà ni páìpù ìṣanrùlé. Gbogbo wa mọ omi ìṣanwọ́. Ta ló ń da omi ìṣanwọ́ sínú àmù? Mo rò ó láti pe páìpù náà ní "agbàṣan", ṣùgbọ́n wọ́n á ní oníṣègùn iṣan ni mo ń wá, mo bá fi í sílẹ̀.

Ọ̀gá tún ní Yorùbá Ọ̀yọ́ ni ojúlówó, kí àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété rọra. Ẹ kú ọlá, ọ̀gá. Àwọn bàbá wa ṣòwò dé Gànà, ìjọba Gànà lé wọn wálé ní 1969, èdè wọn ò já bọ́ lọ́nà.

Ó ku ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, tí ọ̀gá ní òun ni gọ́tà páànù. Rárá o! Omi tó ń dà láti etí òrùlé ni ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Ilé tí kò ní gọ́tà rárá ní ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Ẹni tó ń fi "ọ̀" kan ṣoṣo kọ ọ́ láàárín, èmi pẹ̀lú rẹ̀ ò tíì parí, ìwé òfin àkọtọ́ Yorùbá ti ọdún 1974 wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá ṣì ní ìyá àgbà nílé, kó bi wọ́n lálẹ́ òní. Kó má sọ fún wọn pé ìwé la fẹ́ fi ṣe o, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Yorùbá tíṣà.