Ṣé kí n gba iṣẹ́ olùkọ́, àbí kí n dúró de okẹ́sítírà?

Afọnfèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Oboe, irú fèrè onígi kan, ni mò ń fọn, ó ti pé ọdún 9 tí mo ti ń fi í jẹun. Bí afọnfèrè okẹ́sítírà (ẹgbẹ́ olórin ńlá) kan ò bá lè wá, èmi ni wọ́n máa ń pè. Ní báyìí, ilé ẹ̀kọ́ kan fẹ́ kí n máa kọ́ ọmọ 22 lọ́sẹ̀. Owó rẹ̀ dára, kì í sì í yẹ̀. Rídì, ìyẹn ẹnu fèrè tí à ń fi ètè fọn, ló ń bà mí lẹ́rù. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń ṣe é: kí n la esùsú, kí n fi òwú dì í mọ́ túùbù kékeré, kí n máa fi ọ̀bẹ ha á díẹ̀díẹ̀ títí ohùn yóò fi jáde. Nínú 10, bí mo bá rí 3 tó ṣeé gbé síwájú èrò, mo dúpẹ́. Ìgbà wo ni màá tún ráyè ṣe é? Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti ṣe ìdánwò láti wọ okẹ́sítírà, lẹ́yìn aṣọ ìkélé kí àwọn tó ń yan ènìyàn má bàa rí ojú wa, ẹ̀ẹ̀mejì ló kù díẹ̀ kí n wọlé. Mi ò fẹ́ kí ọwọ́ mi kú.

Ìyá Olórin:
Gbà á, ọmọ mi. Ẹni 2 sí 4 ni okẹ́sítírà máa ń gbà sídìí oboe, ẹni tó bá sì jókòó síbẹ̀ lè pẹ́ gan-an kó tó dìde. Ṣùgbọ́n kó o tó fọwọ́ síwèé, sọ fún wọn pé àárọ̀ ọjọ́ méjì kò gbọ́dọ̀ ní kíláàsì.

Ọmọ Ìdí Fèrè:
Ẹ má bínú, mà. Mo gba irú iṣẹ́ yẹn rí, ọmọ 30. Ọdún kejì ni mo padà lọ ṣe ìdánwò, kọnsẹ́tò Mozart, orin tí oboe ti ń ṣe aṣáájú okẹ́sítírà, ni wọ́n ní kí n fọn, èyí tí wọ́n sábà máa ń béèrè. Ìka mi rántí gbogbo rẹ̀. Ètè mi ni kò gbé e dópin. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí 22 yẹn dínkù.

Olùkọ́ Àgbà:
Èmi ń ṣe rídì pẹ̀lú àwọn ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀, wákàtí kan lọ́sẹ̀. Wọ́n ń kọ́ṣẹ́, tèmi náà ń pọ̀ sí i. Mo sì máa ń bá wọn fọn, mi ò kàn jókòó máa ṣàlàyé. Ọmọ ọdún 12 kan ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ èémí yé mi dáadáa: ó ní òun ò ní èémí mọ́, bẹ́ẹ̀ èyí tó ti lò ló kún àyà rẹ̀. Mo ní kó kọ́kọ́ tú u jáde kó tó fa tuntun. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ti ń ṣe é láti ìgbà yẹn.

Afọnfèrè:
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti kọ̀wé sí wọn láàárọ̀ yìí: ọmọ 15, kí àárọ̀ Ọjọ́rú àti Ọjọ́ Ẹtì jẹ́ tèmi. Mò ń retí èsì.