Re: Orúkọ fún dọ́kúmẹ́ńtárì: ẹ jẹ́ ká gbé "ajẹ́rìí" yẹ̀ wò

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Látìgbà tí ẹnìkan ti béèrè orúkọ tí à bá máa pe dọ́kúmẹ́ńtárì ní Yorùbá, mẹ́ta ló ti wà nílẹ̀: fíìmù àkọsílẹ̀, fíìmù òótọ́ àti fíìmù àfojúbà. Ẹni kẹrin ní ká má wulẹ̀ da ara wa láàmú, ká fi dọ́kúmẹ́ńtárì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ò bá a jà. Ẹni tó bá ń sọ ọ́ lẹ́nu kó máa sọ ọ́ lọ, èdè-ìperí tí a máa kọ sínú ìwé ni mò ń wá.

"Àkọsílẹ̀" ni mo kọ́kọ́ fẹ́ tì sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń tọ̀. John Grierson, ará Scotland, ló fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn júwe fíìmù kan tí Robert Flaherty ṣe nípa àwọn ará Samoa ní 1926, ara ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe ìwé ẹ̀rí ló sì ti yọ. Tiwa kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí rédíò dé, àwọn baba wa ò wo irin àti wáyà inú rẹ̀. Ìwà rẹ̀ ni wọ́n wò, wọ́n rí i pé ó ń sọ̀rọ̀ kò gbèsì, ló bá di asọ̀rọ̀mágbèsì. Tẹlifíṣọ̀n mú ohùn, ó mú àwòrán, òun náà di amóhùnmáwòrán. Tèmi tún ni pé, bí mo bá ti gbọ́ "àkọsílẹ̀", akọ̀wé ẹgbẹ́ tó ń ka mínítì oṣù tó kọjá ló ń wá sí mi lọ́kàn.

Àǹtí tó mú "fíìmù òótọ́" wá ní ohun tó ya irú fíìmù yìí sọ́tọ̀ ni pé irọ́ ò sí nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú Nanook of the North wò, tí Flaherty yìí kan náà gbé jáde ní 1922 nípa àwọn ará Inuit ní àríwá Kánádà. Nanook kọ́ lorúkọ ọkùnrin yẹn, Allakariallak ni. Obìnrin tí wọ́n pè níyàwó rẹ̀ kì í ṣe ìyàwó rẹ̀. Ọ̀kọ̀ ni wọ́n ní kó fi pa walrus, ẹran òkun eléyín gbọọrọ, nígbà tó jẹ́ pé àwọn èèyàn rẹ̀ ti ń lo ìbọn. Ilé yìnyín tí wọ́n sùn sí, ìdajì ló jẹ́: wọ́n ṣí ẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè ráyè wọlé fún kámẹ́rà. Síbẹ̀, ẹ wo ibi tó ti ń kọ́lé náà, tó gé yìnyín tó mọ́ gaara, tó fi ṣe fèrèsé, tó tún gbé ìrì dídì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó lè tan ìmọ́lẹ̀ sínú. Ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn. Kò ṣeé pè ní irọ́, kò ṣeé búra fún. Bí a bá wá lẹ "òótọ́" mọ́ ọn lórúkọ, a ti dá ẹjọ́ kí òǹwòran tó jókòó.

"Àfojúbà" ló sún mọ́ ọn jù, bùrọ̀dá tó mú un wá sì rántí pé ìròyìn ò tó àfojúbà. Ó bá Faaji Agba mu dáadáa, fíìmù tí Rẹ̀mí Vaughan-Richards gbé jáde ní 2015, tó tẹ̀lé àwọn àgbà olórin Èkó tí ayé ti ń gbàgbé. Fatai Rolling Dollar wà lára wọn, ó sì ti kú ní 2013, kí fíìmù tó jáde. Ẹni tí ò bá tíì wo èyí kó wá a wò. Ibi tí àfojúbà ti kọsẹ̀ ni Shoah, tí Claude Lanzmann gbé jáde ní 1985. Ó lé ní wákàtí mẹ́sàn-án, lórí bí wọ́n ṣe pa àwọn Júù run nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, kò sì sí àwòrán ìgbà náà kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Ẹnu àwọn tó yè é, àwọn tó ṣe é àtàwọn tó ń gbé nítòsí ni gbogbo rẹ̀ ti jáde. Abraham Bomba, onígbàjámọ̀ tí wọ́n fipá mú gé irun àwọn obìnrin ní Treblinka, àgọ́ tí wọ́n ti ń pa àwọn Júù ní Poland, kí wọ́n tó pa wọ́n, ń gé irun ọkùnrin kan bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ní Ísírẹ́lì. Ó ti fẹ̀yìn tì, Lanzmann ló háyà ṣọ́ọ̀bù náà. Ó sọ ọ́ débì kan, ọ̀rọ̀ há a lọ́fun, ó ní òun ò lè ṣe é mọ́. Lanzmann ní ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Kí la fojú bà níbẹ̀ yẹn? Ẹ̀rí la gbọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi mú "fíìmù ajẹ́rìí" wá. Ẹlẹ́rìí lè purọ́, ó lè gbàgbé, ó lè bu iyọ̀ sọ́rọ̀, síbẹ̀ ẹlẹ́rìí là ń pè é. Adájọ́ ni yóò gbọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. Ẹ wo The Thin Blue Line, iṣẹ́ Errol Morris, 1988. Wọ́n yìnbọn pa ọlọ́pàá kan ní Dallas ní 1976, wọ́n sì dájọ́ ikú fún Randall Adams tí ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Morris ní káwọn òṣèré ṣe ìyìnbọn náà lọ́pọ̀ ìgbà, bí ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan ṣe rò ó, tó fi mọ́ èyí tí kò jóòótọ́, títí ife mílíkì tí wọ́n jù dànù fi fò lójú afẹ́fẹ́. Ní 1989 wọ́n dá Adams sílẹ̀. Bí a bá pe èyí ní fíìmù òótọ́, kí la fẹ́ pe àwọn irọ́ tó ń ṣeré nínú rẹ̀?

Ẹ má sọ pé ká kúkú pè é ní "fíìmù ẹlẹ́rìí" o. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n máa bi yín bóyá Ẹlẹ́rìí Jèhófà ló ṣe é.

Ohun tó kù tí mi ò tíì rí mú délẹ̀ ni orúkọ fún ibi tí wọ́n bá ti tún ìṣẹ̀lẹ̀ ṣe bíi ti Morris yìí. Mo ń rò "àṣehàn". Ẹni tó bá ní èyí tó dáa jù ú lọ kó mú un wá.