Kí ló fà á tí òjò fi ń rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní erékùṣù Bioko?

Olùkọ́ Kubwa:
Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Kubwa, ní Àbújá níbí, ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ilẹ̀ àti ojú ọjọ́, a sì ti dé orí erékùṣù Bioko ti orílẹ̀-èdè Equatorial Guinea, èyí tí àwọn àgbà wa mọ̀ sí Fernando Po. Mo kà á pé ní abúlé Ureca, ní gúúsù erékùṣù náà, òjò tó ń rọ̀ lọ́dún ju mílímítà 10,000 lọ, bẹ́ẹ̀ ohun tí àwa ń rí ní Àbújá kò ju nǹkan bíi 1,400 lọ. Kí ló fa irú ìyàtọ̀ yìí? Àwọn ọmọ náà tún bi mí bóyá erin àti kìnnìún wà nínú igbó ibẹ̀, n kò sì fẹ́ fún wọn ní èsì tí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó là mí lóye.

Àgbà Jos:
Ẹ kú iṣẹ́ o, Olùkọ́. Òkè ni kí ẹ kọ́kọ́ fi hàn wọ́n kí ẹ tó sọ̀rọ̀ òjò. Òkè ayọnáyèéfín ló ti ìsàlẹ̀ òkun yọrí jáde tó di Bioko, èyí tó ga jù níbẹ̀, Pico Basilé, sì ga ju mítà 3,000 lọ, lórí erékùṣù tí gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kìlómítà 70 lọ. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ bọ̀ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, èyí kan náà tó ń gbé òjò wá fún wa, máa ń rìn lórí omi òkun tó lọ́wọ́ọ́wọ́, ọ̀rinrin á sì ti kún inú rẹ̀ dẹ́nu kó tó kan erékùṣù náà. Bó bá ti kọ lu ẹ̀gbẹ́ òkè tó dúró gagaara létí omi, kò ní ọ̀nà mìíràn ju pé kó gòkè lọ. Bó ṣe ń gòkè ló ń tutù, bó ṣe ń tutù ni ọ̀rinrin inú rẹ̀ ń di omi, orí Ureca ni yóò sì da èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sí. Ìdí nìyẹn tí ìlú Malabo, tó wà ní àríwá lẹ́yìn òkè, kì í fi í rí ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún òjò Ureca.

Kí atẹ́gùn náà tó dé Àbújá, ó ti rìn jìnnà lórí ilẹ̀, ó sì ti ná púpọ̀ nínú omi rẹ̀ sójú ọ̀nà. Síbẹ̀, iṣẹ́ kan náà ni òkè tiwa ní Plateau ń ṣe: apá tó kọjú sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn ń rí òjò ju apá àríwá ìlà-oòrùn lọ, ẹni tó bá ń dáko níbí mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ìlọrin ní Taraba:
Ọ̀rọ̀ ẹranko ni n óò dáhùn, torí nítòsí igbó ọba Gashaka Gumti ni mò ń gbé, àwọn òkè tó yí wa ká níbí sì bá ti Bioko tan: ọ̀wọ́ kan náà ni wọ́n, tó bẹ̀rẹ̀ láti inú òkun, tó gba Cameroon kọjá wọ Mambilla.

Olùkọ́, kò sí kìnnìún ní Bioko, kò sí erin, kò sì sí àmọ̀tẹ́kùn. Nígbà tí yìnyín bo apá púpọ̀ nínú àríwá ayé, omi òkun fà sẹ́yìn, Bioko àti Cameroon sì so pọ̀. Ní nǹkan bí ẹgbàárùn-ún ọdún sẹ́yìn ni omi kún padà, tó sì gé erékùṣù náà kúrò, nǹkan bíi kìlómítà 32 sí etí òkun Cameroon. Àwọn ẹranko tó ṣẹ́ kù síbẹ̀ ń bí sí i láàárín ara wọn, wọ́n sì ń yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀ sí àwọn ìbátan wọn lókè òkun. Ètu wà níbẹ̀, òkété wà níbẹ̀, oríṣi ọ̀bọ méje sì wà níbẹ̀.

Èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ká mi lára jù nínú wọn ni ọ̀bọ ńlá onírù kúkúrú tí wọ́n ń pè ní drill. Ojú rẹ̀ dúdú, ó ń dán, irun funfun yí i ká, ìlà pupa kan sì wà lábẹ́ ètè akọ rẹ̀. Ilẹ̀ ló ti ń wá èso àti kòkòrò jẹ, lọ́wọ̀ọ́wọ́, ìyẹn ló sì mú kó rọrùn fún ọlọ́dẹ àti ajá rẹ̀. Yàtọ̀ sí Bioko, agbègbè Cross River tiwa àti ìwọ̀-oòrùn gúúsù Cameroon nìkan ló kù sí láyé. Ìjọba Equatorial Guinea fi òfin de pípa ọ̀bọ àti títà á ní 2007, ṣùgbọ́n ẹran ìgbẹ́ ń mówó wọlé ní Malabo, ọ̀nà ọ̀dà sì ti wọ ibi tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ nìkan la fi ń dé tẹ́lẹ̀. Ó dùn mí gan-an, torí òkè gíga àti òjò ló dáàbò bo igbó gúúsù yẹn títí di àkókò wa.

Bí ènìyàn bá ń gun òkè náà, igbó kìjikìji ni yóò kọ́kọ́ bá. Lókè díẹ̀, igi á máa kúrú sí i, ewéko wẹ́wẹ́ tútù á bo ẹ̀ka wọn. Nítòsí ṣóńṣó, koríko àti igi kékeré ló kù. Apá òkè Pico Basilé yìí nìkan, ní gbogbo ayé, ni ẹyẹ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Fernando Po speirops ń gbé.

Ìyá Àgbẹ̀, Kàdúná:
Ẹ má gbàgbé kòkó o. Owó kòkó ló rán ọ̀pọ̀ nínú wa lọ sílé ìwé, láti erékùṣù yìí ni wọ́n sì ti mú un wọ Bonny ní 1874, kí Tetteh Quarshie tó mú tirẹ̀ lọ sí Gánà ní 1879. Oko kòkó ló pa igbó ìsàlẹ̀ òkè run ní àríwá erékùṣù náà, àwọn ọmọ Nàìjíríà tó lọ ṣe lébìrà níbẹ̀ sì pọ̀ jọjọ kí wọ́n tó kó wọn padà wálé ní nǹkan bíi 1976. Púpọ̀ nínú àwọn oko náà ti di igbó padà.

Olùkọ́ Kubwa:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín gan-an. Ọmọ kan ń bèèrè bóyá òótọ́ ni pé ìjàpá òkun ń yé ẹyin níbẹ̀.

Ọmọ Ìlọrin ní Taraba:
Òótọ́ ni. Oríṣi mẹ́rin ló ń gòkè wá sí iyanrìn etíkun gúúsù lóru láti gbẹ́ ihò, kí wọ́n yé ẹyin sínú rẹ̀, kí wọ́n sì fi iyanrìn bò ó. Èyí tó tóbi jù nínú wọn kò ní igbá líle lẹ́yìn, awọ ló bò ó. Láti oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kejì, nígbà tí òjò bá ti dín kù, ni wọ́n ń wá jù, nítorí náà bí ẹ bá fẹ́ fún àwọn ọmọ ní iṣẹ́ lórí rẹ̀, ìparí sáà kìíní ló bá a mu.