Ìyá àgbà fẹ́ gba orí ilẹ̀ lọ Gánà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ògbómọ̀ṣọ́ la wà. Ìyá àgbà wa fẹ́ lọ kí àbúrò wọn ní Tamale, níbi tí wọ́n ti ṣòwò kí ìjọba Gánà tó lé àwọn àjèjì lọ́dún 1969. Èmi ni màá sìn wọ́n lọ. Sẹ̀mẹ̀, Kútọnu, Lomé, Aflao ní bodè Gánà la máa gbà. Wọ́n ní àwọn ò wọ bàlúù, ẹ má wulẹ̀ bá mi dá sí ìyẹn.

Mo mọ̀ pé ọmọ ECOWAS kì í gba físà fún 90 ọjọ́. Yẹ́lò káàdì, ìwé ẹ̀rí pé èèyàn ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ló ń dà mí láàmú. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ 10 lára kí káàdì tó ṣeé lò, ìyá sì ti lé lọ́gọ́rin ọdún, wọn ò gbà á rí. Bí dókítà bá ní ara wọn ò lè gbà á, ìwé wo la máa fi hàn ní bodè?

Owó sẹ́fà tí wọ́n ń ná ní Kútọnu àti Lomé ńkọ́? Ṣé ká ṣẹ́ ẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣẹ́ owó ní Sẹ̀mẹ̀, àbí ká ti wá a nílé? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mú àgbàlagbà gba ọ̀nà yìí, ibo lẹ sùn? Ẹsẹ̀ wọn máa ń wú bí wọ́n bá jókòó pẹ́.