Àbúrò mi wo fíìmù tán, ó ní òun ò ka ìwé mọ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo fún àbúrò mi tó wà ní SS2 ní ìwé ìtàn àròsọ Half of a Yellow Sun ti Chimamanda Adichie. Fíìmù tí Biyi Bandele fi ìwé náà ṣe lọ́dún 2013 ló lọ wò, ó ní òun ti mọ gbogbo ẹ̀, kò tiẹ̀ dùn tó bí mo ṣe ń pariwo.

Ó dùn mí wọra. Èmi náà wo fíìmù ọ̀hún, ojú lásán ló rẹwà. Ìwé ń lọ síwájú, ó ń padà sẹ́yìn, kí àṣírí tó tú. Fíìmù kàn tò ó tààrà bí ìròyìn alẹ́. Ìwé tí Ugwu, ọmọ ọ̀dọ̀ inú ìtàn náà, ń kọ ńkọ́? Mi ò rí i níbẹ̀.

Mo ti ka ibi tí Ugwu ti lọ ìbọ̀sẹ̀ ọ̀gá rẹ̀ títí tó fi jóná fún àbúrò mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí fóònù. Mo ṣèlérí dátà, pàbó ló já sí. Mi ò sì fẹ́ fi tipá mú un.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo lè ṣe tí yóò fi ṣí ìwé yẹn fúnra rẹ̀? Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Mo ti ń dúpẹ́ sílẹ̀.